Kóòdù Pọ́n fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Dá: Ìṣẹ̀lẹ̀ Zhengzhou Lọ́dún 2022

Ní àárín oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn èrò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Zhengzhou, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Henan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Kí wọ́n tó wọ ìgboro, wọ́n ní láti fi fóònù ya àmì kóòdù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, bí gbogbo èrò ti ń ṣe láti ìgbà kòrónà. Wọ́n yà á. Kóòdù ìlera wọn, àmì orí fóònù tó ń fi àwọ̀ sọ bóyá ènìyàn lè máa rìn káàkiri, tutù bí ewé nígbà tí wọ́n kúrò nílé. Ó pọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kóòdù rẹ̀ bá pọ́n lásìkò náà, a jẹ́ pé ó ti kó àrùn tàbí ó ti súnmọ́ ẹni tó kó o. Kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì, òtẹ́ẹ̀lì ò ní gbà á, ṣọ́ọ̀bù ò ní jẹ́ kó wọlé. Ilé ìsémọ́ ló kàn. Àwọn èrò yìí kò húkọ́, ara wọn kò gbóná, èsì àyẹ̀wò wọn sì fi hàn pé wọn kò ní kòrónà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n fowó pamọ́ sí àwọn báńkì abúlé kan ní Henan, owó náà sì ti há.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù tàbí tí ẹ ń tọ́jú dátà aráàlú, yálà fún ìjọba ni o, tàbí fún báńkì, tàbí fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ kankan ò bàjẹ́ nínú ìtàn yìí. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Bí owó ṣe há

Ọdún 2007 ni àwọn báńkì abúlé àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Ṣáínà. Torí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké tí báńkì ńlá kì í dá lóhùn ni wọ́n ṣe dá wọn sílẹ̀, agbègbè wọn nìkan ló sì yẹ kí wọ́n ti máa gbowó. Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí i padà. Àwọn áàpù ìnáwó ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó wọn, ẹni tó ń gbé Beijing tàbí Shenzhen, tí kò mọ ọ̀nà Henan rárá, á tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ báńkì abúlé tó ń san èlé tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni Ṣáínà ti ní ètò adójútòfò owó ìpamọ́, tó ń dúró fún 500,000 yuan, owó Ṣáínà, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan. Báńkì tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n fowó sí. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ìjọba fòfin de kí báńkì máa gba owó ìpamọ́ nípasẹ̀ áàpù ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọlé ti wọlé ná.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìlẹ̀kùn tì. Báńkì mẹ́rin ní Henan, àti ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Anhui tó múlé gbè é, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fa owó jáde lórí fóònù mọ́. Wọ́n ní àwọn ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, àtúnṣe ò parí. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 40 yuan ni àwọn ilé ìròyìn ń pe iye owó tó há. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá ìlú Xuchang ní Henan ṣàlàyé pé láti ọdún 2011 ni àwọn ọ̀daràn kan ti fi ilé-iṣẹ́ kan ṣe bojúbojú, tí wọ́n gba àkóso àwọn báńkì náà, tí wọ́n ń fi ìwé ẹ̀yáwó irọ́ kó owó jáde. Kí kóòdù ẹnikẹ́ni tó pọ́n, ojú ti pọ́n wọn.

Nítorí pé ìpínlẹ̀ kálukú ni àwọn olówó yìí ti wá, orí WeChat, áàpù tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni wọ́n ti rí ara wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń pín ìròyìn, wọ́n sì ń fi ọjọ́ sí ìgbà tí wọ́n máa jọ lọ sí Zhengzhou lọ bá àwọn aláṣẹ báńkì. Wọ́n lọ ní oṣù karùn-ún. Wọ́n tún fi ọjọ́ sí àárín oṣù kẹfà.

Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Ìlú Hangzhou ni kóòdù ìlera ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2020, nínú Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó. Láàárín oṣù mélòó kan, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ní tirẹ̀. Ewé: máa lọ. Ìyeyè: dúró ná. Pupa: wọlé kí o má jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni wà, àti nọ́ńbà fóònù, ibi tí ó lọ, èsì àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi àmì kóòdù sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ibi tí ènìyàn ń wọ̀, kí ó lè ṣeé mọ̀ ẹni tó dé ibẹ̀ àti àkókò tó dé.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ tó kàn gba àjàgà wọ̀. Kónílé-ó-gbélé ti há wọn mọ́lé. Kóòdù yìí ló jẹ́ kí wọ́n rí ojú òde. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí àlà rẹ̀ yẹ kó wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn aláṣẹ ìlera Hangzhou gbé àbá kan jáde pé kí kóòdù náà di ohun ayérayé, kí ó máa fún ènìyàn ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sùn, iye ìṣísẹ̀ tó ń rìn, ọtí tó ń mu àti sìgá tó ń fà. Àwọn aráàlú bú sí i lórí ẹ̀rọ ayélujára títí àbá náà fi wọlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Suzhou gbé kóòdù ọmọlúàbí jáde, èyí tí yóò máa wọn ìwà ènìyàn. Òun náà ò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi wábi gbà. Mo mẹ́nu ba méjèèjì yìí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ará Ṣáínà kò bìkítà nípa ọ̀rọ̀ ara wọn tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Irọ́ ni.

Òfin náà wà. Òfin ààbò ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, oṣù méje ṣáájú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ó sọ ọ́ kedere pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ gba dátà ni kí a fi í ṣe, ó sì kó àwọn ẹ̀ka ìjọba pàápàá mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n ṣe, àti bí àṣírí ṣe tú

Nígbà tí kóòdù kọ́kọ́ pọ́n, ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n pe nọ́ńbà tí aráàlú fi ń fẹjọ́ sùn ní Zhengzhou. Ìdáhùn tó wá láti ibẹ̀ ni pé àkójọ dátà ńlá ló ní ìṣòro díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi gbólóhùn yìí díẹ̀. Ẹni tó dáhùn lè má purọ́. Bóyá ohun tí wọ́n sọ fún un ló sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ la mọ gbólóhùn náà. A ti sọ ọ́ fún oníbàárà rí. Ó máa ń pa ìbéèrè, nítorí kò sí ẹni tó lè bá dátà ṣẹjọ́.

Àwọn olówó yìí kò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan wé nǹkan. Ẹni tí òun àti ẹbí rẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n jọ jókòó, tí wọ́n jọ ya kóòdù kan náà, tirẹ̀ pọ́n, ti ẹbí rẹ̀ tutù. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹbí ò ní owó ní báńkì abúlé. Ẹni tó ti agbègbè tí kò ní kòrónà wá, tirẹ̀ pọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà wá nìyí. Àwọn tó wà ní Zhengzhou ya fọ́tò àmì kóòdù ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WeChat. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà nílé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tó jìnnà sí Henan, fi fóònù ya àmì tó wà nínú fọ́tò náà láti orí àga ilé wọn. Tiwọn náà pọ́n.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí, kò tún sí èyí tó ju èyí lọ. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni kóòdù ń lé, kò lè lé e dé yàrá ẹni tí kò rìn. Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe dátà ni, àṣìṣe kì í mọ ẹni tó lówó ní báńkì. Ó ní láti jẹ́ pé àkójọ orúkọ kan wà nílẹ̀, tí wọ́n ti to tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fi wé gbogbo ẹni tó bá ya kóòdù Zhengzhou; ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bá a mu, pupa. Aráàlú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló fi fọ́tò kan ṣoṣo yẹ ètò náà wò, ó sì rí inú rẹ̀. Mo ti rí àwọn ayẹ̀wéwò tó gbowó gọbọi tí iṣẹ́ wọn ò dá ṣáká tó bẹ́ẹ̀.

Ní Zhengzhou, àwọn kan wà lábẹ́ ìṣọ́ nílé ìsémọ́. Àwọn kan gbà láti padà sílé, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti jáde, ilé ìròyìn inú Ṣáínà fúnra wọn ń gbé e. Hu Xijin, tó ti ṣe olóòtú àgbà Global Times, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba, tí kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀tá ìjọba, kọ ọ́ sórí Weibo, ìkànnì ayélujára ní Ṣáínà, pé ìdènà àrùn nìkan ni kóòdù ìlera wà fún. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé gbogbo ènìyàn ló ní kóòdù. Ẹni tí kò mọ báńkì abúlé rí mọ̀ pé bí wọ́n bá lè yí ti ẹlòmíràn, wọ́n lè yí tòun náà. Àti pé bí pupa bá lè túmọ̀ sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí àrùn, ta ni yóò tún gba pupa gbọ́ lọ́jọ́ tí àrùn bá dé lóòótọ́?

Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni ìgbìmọ̀ ìbáwí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Zhengzhou kéde pé àwọn ń wádìí. Ọjọ́ 22 ni èsì jáde.

Ọwọ́ ta ni?

Àwọn olówó 1,317 ni kóòdù wọn pọ́n. Nínú wọn, 446 ló wá sí Zhengzhou tí wọ́n ya kóòdù níbẹ̀. Àwọn 871 tó kù kò tẹ ilẹ̀ Zhengzhou rárá. Àmì inú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n fi fóònù yà. Ẹ tún un kà: nínú ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n pè ní ewu fún ìlú, nǹkan bíi méjì kò sí nínú ìlú.

Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n bá wí. Ìkéde náà dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ipò wọn ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn méjì ló pàṣẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan jẹ́ igbákejì akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin àti ààbò nínú ẹgbẹ́, òun kan náà sì ni olórí ẹ̀ka tó ń ṣàkóso ìrìnkèrindò ènìyàn lábẹ́ ètò ìdènà kòrónà ìlú. Èkejì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múníìsì ìlú, ó sì jẹ́ igbákejì ní ẹ̀ka kan náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń darí ìkọ̀ kóòdù ìlera. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an níbi tó ti wá ni kí ìlú má dàrú. Lábẹ́ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kékeré kan láti iléeṣẹ́ dátà ńlá ìlú wà, àti igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ dátà kan.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ìlú má dàrú la fi kọ́kọ́rọ́ ìlera lé lọ́wọ́. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ó lè dà bíi pé ó bójú mu, nítorí pé kòrónà náà ń fẹ́ kí ènìyàn dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé, ojú kan náà ni ó fi wo olówó tó ń bínú àti alárùn: méjèèjì jẹ́ ẹni tí kò yẹ kó wọ ìlú. Kò tilẹ̀ ní láti wá irinṣẹ́ tuntun.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn tó pàṣẹ kò mọ bí a ṣe ń yí àwọ̀ kóòdù ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò ní agbára láti pàṣẹ. Láìsí méjèèjì, kò ní ṣeé ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún ju àwọn ọ̀gá lọ. Ẹni tó pàṣẹ jù lọ pàdánù ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àti nínú iṣẹ́ ìjọba, wọ́n já èkejì sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù gba ìbáwí tó kéré sí i. Àwọn kan ní ó yẹ kí wọ́n dárí ji àwọn tó kàn jíṣẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó wà nídìí dátà ló kẹ́yìn láti béèrè pé: àwọn wọ̀nyí, èsì àyẹ̀wò ta ni ó dára, tí mo fẹ́ kọ pé ó ní àrùn?

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò rọrùn láti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Nítorí náà, kò yẹ ká fi í sí ìgboyà ẹnì kan. Nínú ètò irú èyí, bọ́tìnnì tí ènìyàn fi lè yí àwọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà. Bí dókítà bá rí alárùn tí ẹ̀rọ ò tíì mọ̀, ó ní láti lè tètè fi sí i. Ẹ má yọ bọ́tìnnì náà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi kọ ìdí sí i, ìdí tó so mọ́ èsì àyẹ̀wò kan tàbí orúkọ alárùn kan, kí ìdí náà sì hàn sí ẹni tí kóòdù rẹ̀ yí padà. Ní Zhengzhou, pupa ni fóònù ń sọ, kò sọ "nítorí pé". Ká ní ó ní láti sọ ọ́, kí ni wọn ì bá kọ síbẹ̀? "Nítorí pé ó fẹ́ gba owó rẹ̀"? Mo gbà pé iṣẹ́ náà ì bá ti dúró sí orí tábìlì akọ̀wé.

Orúkọ tí wọ́n tò náà tún wà níbẹ̀. Kí ẹ̀rọ ìlera tó mọ ẹni tó lówó ní báńkì, ẹnì kan ní láti gbé orúkọ láti ibì kan wá sí ibòmíràn. Àwọn tó ń kọ́ ètò sábà máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde. Zhengzhou fi hàn pé èyí tó ń wọlé náà lè ṣe ìpalára, torí pé àkójọ orúkọ tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìlera ló wọ inú ẹ̀rọ ìlera, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbáwí, iléeṣẹ́ ìlera àpapọ̀ ní Beijing kéde pé wọn kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yí kóòdù aráàlú padà nítorí ohun tí kì í ṣe àrùn.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn olówó jókòó sílé ni, wọn ò jókòó. Ọjọ́ 10 oṣù keje, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn péjọ sí iwájú ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ ní Zhengzhou. Àwọn ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ya lù wọ́n, wọ́n ń wọ́ wọn nílẹ̀, fídíò rẹ̀ sì rìn jìnnà. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn aláṣẹ ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í san owó: láti ọjọ́ 15 oṣù keje fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju 50,000 yuan lọ, lẹ́yìn náà fún àwọn tó ní jù bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé 500,000 ní ìparí oṣù kẹjọ. Lójú tèmi, kóòdù tó pọ́n yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìyẹn yá. Kí ó tó pọ́n, ọ̀rọ̀ olówó àti báńkì ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ní fóònù.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Ṣáínà tú òfin kòrónà rẹ̀ ká. Kóòdù ìrìn-àjò àpapọ̀, èyí tó ń fi ìlú tí ènìyàn dé hàn, kógbá wọlé lọ́jọ́ 13 oṣù náà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí dátà ọdún mẹ́ta máa wọ̀. Ìlú Wuxi ní ìpínlẹ̀ Jiangsu dáhùn ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2023. Wọ́n pa dátà aráàlú tó lé ní bílíọ̀nù kan rẹ́ ní gbangba, wọ́n sì ti àwọn áàpù kòrónà tó lé ní ogójì. Wọ́n pe ayẹ̀wéwò láti òde, wọ́n pe ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, kí wọ́n wá dúró níbẹ̀ kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i pé ohun tí wọ́n ní àwọn pa rẹ́ kò ṣeé jí dìde mọ́.